Ta Ló Ní Àrọ̀ Kì Í Ṣàìsàn?

Ẹ lọ sí ibikíbi tí wọ́n ti ń sin ẹja láti Odógunyàn títí dé Ìtóìkín, kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe sí ọmọ ẹja tuntun lọ́jọ́ tí wọ́n bá rà á dé. Ohùn kan náà ni ẹ ó gbọ́: “Àrọ̀ ni. Kò sóhun tí yóò ṣe é. Ẹ ṣáà dà á sómi.” Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọṣẹ́ ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ta ọmọ ẹja ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹja náà ń sọ bẹ́ẹ̀, títí kan ẹ̀gbọ́n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó fi owó ìfẹ̀yìntì ṣe odò ẹja méjì sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ń ké e bí ìgbà tí ọmọdé bá ń ké ábídí. Ó ti sú mi í gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tèmi kò gùn. Ọmọ ẹja tuntun kò gbọ́dọ̀ fojú kan ẹja tó ti wà nílé lọ́jọ́ tó bá wọlé. Inú omi tirẹ̀ ni kó dá wà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí á sì máa ṣí i nípò láti inú ọpọ́n kan sí òmíràn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ohun tó bá ń gbé lára rẹ̀ lè já bọ́ síbi tí kò ti ní rí ẹja mìíràn mú. Ẹni tó bá ní àṣejù ni, ẹ jẹ́ ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí wọ́n má baà ní mo yí ọ̀rọ̀ wọn po, n ó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti ń sin ẹja kí àwa kan tó mọ àrọ̀ yàtọ̀ sí aborí. Wọ́n ní Ọlọ́run dá àrọ̀ lọ́tọ̀: yàtọ̀ sí ohun tí gbogbo ẹja fi ń mí nínú omi, ó tún ní ẹ̀yà kan nínú orí tó fi ń fa afẹ́fẹ́ òkè. Ẹ gbé e sínú agbada tí omi rẹ̀ kò bò ó lẹ́yìn, ẹ gbé e láti Ìkòròdú dé Mile 12, yóò ṣì máa jà nígbà tí oníbàárà bá nàka sí i. Ẹja tí ẹrẹ̀ kò pa, ṣé omi tó mọ́ ni yóò wá pa á? Wọ́n ní kò sí àyè, ilẹ̀ ti gbówó lórí ní Ìkòròdú, omi pàápàá kì í ṣe ọ̀fẹ́ nígbà tó jẹ́ pé epo ló ń fà á jáde láti inú kànga ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn mọ ẹni tí àwọn ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni àwọn ni, kò lè ta ọmọ ẹja olókùnrùn fún àwọn. Wọ́n ní bí àìsàn bá tilẹ̀ dé, oògùn ń bẹ lọ́jà: ẹ da oxytetracycline sómi, ó parí. Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ á fi tiwọn kún un: láti ayébáyé ni àwọn bàbá àwọn ti ń pẹja lọ́sà, ta ló ya ẹja kankan sọ́tọ̀ rí? Èyí tó wá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ẹja tí à ń gbé sókè gbé sísàlẹ̀ ni àìsàn ń ṣe. Àrọ̀ kò ní ìpẹ́. Bí àwọ̀n bá ti họ ọ́ lára, ilẹ̀kùn ti ṣí fún àrùn nìyẹn.

Ó dára. Orí agbára àrọ̀ ni ká ti bẹ̀rẹ̀.

Pé ẹja lè mí nínú ẹrẹ̀, kí ló kan ti àrùn níbẹ̀? Ẹni tó lè fẹsẹ̀ rin ọ̀nà jíjìn, ṣé ibà kì í ṣe é ni? Ohun tí ẹ̀yà ara yẹn wà fún ni kí omi tí afẹ́fẹ́ ti tán nínú rẹ̀ má baà pa ẹja. Kò bá kòkòrò jà, kò bá fáírọ́ọ̀sì jà, kò wo egbò. Ní ìparí ọdún 2006, àwọn apẹja lódò Chobe àti Zambezi, níbi tí Botswana, Nàmíbíà àti Sáńbíà ti pààlà, bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹja tó légbò lára sókè. Ní 2007, àwọn onímọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé Aphanomyces invadans ló fà á, ohun kan tó ń hù bí ìsebu nínú omi, tó sì ti ń yọ Éṣíà àti Ọsirélíà lẹ́nu láti àwọn ọdún 1970. Kò sẹ́ni tó tíì rí i nílẹ̀ Áfíríkà ṣáájú ìgbà náà. Àrọ̀ wà lára àwọn ẹja tó ń kó egbò yìí. Kì í ṣe àrọ̀ mìíràn o, Clarias gariepinus tí à ń sìn ní Ìkòròdú gan-an ni. Àrọ̀ tí kì í ṣàìsàn yẹn dà?

Èyíinì jìnnà sí wa, ẹnìkan lè wí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tí kò jìnnà síbì kankan, nítorí kò sí ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja inú omi dídùn lágbàáyé tí kò sí. Kòkòrò kan wà tí Fouquet ará Faransé kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1876, Ichthyophthirius multifiliis, tí àwọn tó ń sin ẹja gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí ich. Bó bá mú ẹja, ẹ ó rí funfun tó-tó-tó lára rẹ̀ bí ẹni wọ́n iyọ̀ sí i. Abẹ́ awọ ló ń wọ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun. Bó bá yó tán, á já bọ́, á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tàbí ara ògiri, á fi èèpo kan bo ara rẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pín: ọ̀kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, nígbà mìíràn tó ẹgbẹ̀rún kan, yóò fi tú jáde láti inú ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní oúnjẹ lọ́wọ́. Bí wọn kò bá rí ẹja wọ̀ lára láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ikú ni. Nínú omi tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 25°C, láti ara ẹja padà sára ẹja kò ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà lọ. Bí omi bá gbóná kọjá 30°C, nǹkan kì í rọrùn fún un mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ bí omi ṣe ń tutù ní Ìkòròdú nínú oṣù keje àti oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò bá dí oòrùn lójú fún ọjọ́ mélòó kan?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ti fọ́. Ọ̀sà fẹ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn, ẹja inú rẹ̀ jìnnà síra. Ọmọ kòkòrò tó tú jáde nísàlẹ̀ ọ̀sà ní ọjọ́ kan sí méjì péré láti wá ẹja kàn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń kú sójú ọ̀nà. Ẹ wá wo odò sìmẹ́ńtì tí ẹgbẹ̀rún àrọ̀ ti ń gun ara wọn lórí nínú yàrá tí kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ. Kí ni kòkòrò ọ̀hún tún ń wá kiri níbẹ̀? Gbogbo ibi tó bá yíjú sí, ẹja ni. Àwọn bàbá wa kò ya ẹja sọ́tọ̀ nítorí pé ọ̀sà ń bá wọn yà á. Àwa la kó ẹja jọ síbi tóóró, àwa náà ló sì kàn láti ṣe ohun tí ọ̀sà ń ṣe.

Báwo la ó ti ṣe é? Ọ̀dọ̀ àwọn kan tí àwa tó ń sin ẹja jíjẹ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni mo ti rí ìdáhùn: àwọn tó ń fi ẹja òkun aláràbarà ṣe ẹ̀ṣọ́ sínú àpótí díńgí. (Ẹnìkan sọ fún mi pé iṣẹ́ àwọn tí owó ń yọ lẹ́nu ni. Bóyá ni. Owó náà ló jẹ́ kí ojú wọn là, nítorí ẹja kan ṣoṣo lè wọ́n ju àpò oúnjẹ ẹja lọ.) Kòkòrò tó ń yọ tiwọn lẹ́nu ni Cryptocaryon irritans, tí ìgbésí ayé rẹ̀ jọ ti ich bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Nínú àwọn ọdún 1980, Angelo Colorni ṣe ìwádìí lé e lórí ní Eilat lórílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì. Kòkòrò yìí kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje lára ẹja kó tó já bọ́, ohun tó bá sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í sábà bẹ́ kí wákàtí 72 tó pé. Orí èyí ni wọ́n gbé ọgbọ́n wọn kà. Wọ́n ń gbé ẹja tuntun kúrò nínú àpótí kan sínú òmíràn tó mọ́, tó sì gbẹ kí wọ́n tó pọn omi sí i, kí ọjọ́ kẹta tó kọjá. Lẹ́ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀, láàárín nǹkan bí ọjọ́ 12. Gbogbo ohun tó já bọ́ ń ṣẹ́ kù sẹ́yìn, ó ń bẹ́ síbi tí kò sí ẹja. Kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀.

Tiwa yá ju tiwọn lọ, nítorí ich inú omi gbígbóná lè bẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Nítorí náà, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni ká máa ṣí ọmọ ẹja nípò, fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọpọ́n méjì tó: bí ẹja bá wà nínú ọ̀kan, ká ti da omi èkejì nù jìnnà sí odò, ká fọ̀ ọ́, ká dojú rẹ̀ dé sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ, nítorí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn kò lè fara da gbígbẹ. Èyí tó bá gbẹ lọ́sàn-án ni ẹja yóò sùn sí. Ti òru ni kí ẹ fi aṣọ nù gbẹ, ẹ má kàn fi omi ṣan án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹja á wà lójú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ká máa wo bó ṣe ń jẹun. Igbá tiwọn, àwọ̀n tiwọn. Bí ẹ bá fẹ́ fún ẹja lóúnjẹ láàárọ̀, ọ̀dọ̀ ẹja àtijọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ àlejò.

“Oògùn ńkọ́?” Ẹ̀yin tó ń da oxytetracycline sómi, kí lẹ rò pé ẹ ń pa? Bakitéríà ni oògùn yẹn wà fún. Ich kì í ṣe bakitéríà, Trichodina, kòkòrò mìíràn tó ń gbé lára ẹja, kì í ṣe bakitéríà, àwọn aràn tín-tìn-tín tó ń fa ẹja lẹ́jẹ̀ kì í ṣe bakitéríà. Ẹ lè da odidi páálí rẹ̀ sínú odò, ich tó wà lábẹ́ awọ yóò máa jẹun lọ ní tirẹ̀. Kódà oògùn tó ń pa kòkòrò kì í bá a níbẹ̀. Ìgbà tó bá já bọ́, tí ọmọ rẹ̀ ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, nìkan ni ọwọ́ lè tẹ̀ ẹ́. Oògùn tí kò ṣiṣẹ́ yẹn náà kò sì lọ síbì kankan. Ẹran ara ẹja ló wà, ẹja ọ̀hún ni ìyàwó ilé yóò rà lọ́jà Olúwo, tí yóò sì fi fún ọmọ jẹ, títí oògùn kan náà kò fi ní ran ọmọ yẹn mọ́ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá.

Ẹnìkan yóò ní Trichodina ò bọ́ sílẹ̀ kó tó bí ọmọ, orí ẹja níbẹ̀ ló ti ń pín sí méjì, nítorí náà ṣíṣí nípò kò ní mú un. Òótọ́ ni. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ní kí ẹja dá wà, tí n kò ní kí á ṣí i nípò nìkan. Iyọ̀ la fi ń lé Trichodina. Ká ní gíráàmù 3 sí líta omi kan la fẹ́ lò. Nínú odò tó gba líta 20,000, kílò 60 ni, ó ju àpò kan lọ. Nínú ọpọ́n olómi líta 200, gíráàmù 600 péré ni, ìyàwó yín lè ní i nílé ìdáná. Ibo ló ti rọrùn láti wo ẹja sàn, inú ọpọ́n ni àbí inú odò?

Ọ̀rọ̀ “mo mọ ẹni tí mo ń rà lọ́wọ́ ẹ̀” ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ mọ̀ ọ́n, mo gbà. Ṣé ẹ mọ ẹja rẹ̀? Òun fúnra rẹ̀, ṣé ó mọ̀ ọ́n? Ẹni tó ń pa ọmọ ẹja ní Ìkòròdú lè ra ìyá ẹja níbí, kó ra akọ lọ́hùn-ún, bí ọmọ rẹ̀ kò bá sì tó fún àwọn oníbàárà, á sáré gba kún un lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àgbówà. Ẹ̀yin á rà á nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ti fi kó ti ẹlòmíràn lánàá, wọ́n á sì pààrọ̀ omi rẹ̀ lójú ọ̀nà níbi tí wọ́n bá ti rí omi. Ìwà rere ẹni tó tà á kò sí lára ẹja náà. Ní 1975, àwọn ará Nọ́wè rí kòkòrò kan tó ń jẹ́ Gyrodactylus salaris lára ẹja salmon wọn. Ara ọmọ ẹja tí wọ́n gbé wá láti Swídìn ló bá wọlé, láti ilé ìpamọ ẹja tí wọ́n mọ̀, lọ́wọ́ ará ilé wọn tí wọ́n jọ pààlà. Ó wọ ọ̀pọ̀ odò, ó sì pa salmon ibẹ̀ débi tí ìjọba fi ní láti da májèlé sínú odò wọn, kí wọ́n pa gbogbo ẹja ibẹ̀ tán kí wọ́n lè pa kòkòrò náà. Ṣé wọn kò mọ ẹni tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ ni?

Ẹ máà jẹ́ ká lọ jìnnà. Nítòsí wa ní Gánà, ní ìparí ọdún 2018, ẹja epìyà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́pọ̀ yanturu nínú àwọn àgò tí wọ́n ti ń sìn wọ́n lórí adágún Volta. Àyẹ̀wò fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì kan ni, ISKNV, èyí tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ lára ẹja ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Fáírọ́ọ̀sì kò ní ẹsẹ̀. Ẹja ààyè tí ọmọ ènìyàn ń gbé kiri ló ń gùn. Nílé wa níhìn-ín, ta ló ti gbàgbé Òkè-Àró? Ní 2020, ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà wọ ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ ńlá tó wà ní ààlà Èkó àti Ògùn yẹn, àwọn ènìyàn rí òkú ẹlẹ́dẹ̀ wọn rẹpẹtẹ, wọ́n sì padà sílé pẹ̀lú gbèsè. Ọgbà tó kún fún ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú kan. Ẹ wá wo ọgbà ẹja tiwa, odò tèmi, odò tiyín, omi tó ń ṣàn jáde láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan tó ń gba iwájú èkejì kọjá. Kí lẹ rò pé ó yàtọ̀ níbẹ̀?

Ti owó àti àyè wá kù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin ẹja ló tún ń sin adìẹ lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹ dé ọ̀dọ̀ adìẹ rẹ̀: wọ́n á ní kí ẹ ti ẹsẹ̀ bọ omi oògùn kí ẹ tó wọlé, bí ẹ bá sì ti ọ̀dọ̀ aládìẹ mìíràn bọ̀, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wọlé rárá. Látìgbà tí àrùn lukuluku tuntun nì, èyí tí òyìnbó ń pè ní bird flu, ti wọ Nàìjíríà ní 2006, kò sí aládìẹ tó ní làákàyè tí yóò ra òròmọdìẹ lónìí kó sì jù ú sáàárín adìẹ tó ń yé ẹyin. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà á wá kúrò nídìí adìẹ, á rin ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ sídìí odò, á da ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ẹja tí kò mọ̀ rí sáàárín ẹja olóṣù mẹ́rin. Kí ló dé tí làákàyè rẹ̀ kò bá a dé ìdí odò?

Dírọ́ọ̀mù tí wọ́n là sí méjì di ọpọ́n méjì. Tapólì tí wọ́n na sórí pákó di odò kékeré. Ẹgbẹ̀rún kan ọmọ ẹja tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò wúwo ju gíráàmù mẹ́ta lọ, gbogbo wọn pọ̀ kò ju kílò mẹ́ta. Ṣé kílò mẹ́ta ẹja ni kò sí àyè fún ní odidi ọgbà? Ẹ wá ṣírò apá kejì. Oúnjẹ nìkan ń kó ju ìdajì owó tí à ń ná sórí ẹja lọ kó tó tó tà, oṣù márùn-ún sí mẹ́fà ló sì ń gbà. Ẹja tó bá kú lóṣù kẹrin kú pẹ̀lú oúnjẹ oṣù mẹ́rin nínú. Ẹni tó ní omi ọpọ́n méjì wọ́n, àmọ́ tó ń kó òkú ẹja tó ti tó jẹ jáde nínú odò, tó tún ní láti da gbogbo omi odò náà nù kó tó lè pọn òmíràn, irú ìṣirò wo nìyẹn?

Ẹ̀sùn pé gbígbé kiri ń dá ẹja lágara ló kù, mo sì ti ní òun ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù. Gbígbé kiri ń ṣe ẹja ní jàǹbá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ní ń sọ ọ́? Àwọn kan náà tó ń fi àwọ̀n kó ẹja wọn jọ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì láti ṣa àwọn tó ti tóbi jù kúrò kí wọ́n má baà máa gbé àwọn ẹgbẹ́ wọn mì! Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù àárẹ̀ ẹja kì í bà wọ́n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́nà tí ẹja kò fi ní kú náà ni kí wọ́n ṣe tọ̀hún: kí wọ́n fi igbá bu ẹja pẹ̀lú omi, kí wọ́n má fi àwọ̀n họ ọ́, kí wọ́n ṣe é nígbà tí oòrùn kò mú, kí wọ́n má fún un lóúnjẹ ṣáájú, kí ooru omi méjèèjì sì dọ́gba. Àti pé àìní ìpẹ́ tí wọ́n fi ń gbèjà ara wọn yẹn, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ná. Ẹja tí kò ní ohun tó bo awọ rẹ̀, tí kòkòrò lè gún wọlé tààrà, òun náà ni wọ́n ní kí á dà sáàárín àjèjì láìṣe àyẹ̀wò. Àrọ̀ tó lágbára débi tí kì í ṣàìsàn, àrọ̀ tó jẹ́ ẹlẹgẹ́ débi tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án: èwo ni ká gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì?

Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yìí pẹ́ láyé ni pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń bo àṣírí rẹ̀. Ọmọ ẹja dé, ogún kú lọ́jọ́ kejì, ọgbọ̀n kú lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní ìrìnàjò ló pa á. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta tí ẹja àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó, wọ́n ní omi ni, wọ́n ní oúnjẹ tuntun yẹn ni, ẹlòmíràn á ní ọwọ́ ayé ni. Kò sẹ́ni tó gbé òkú ẹja kan lọ síbi àyẹ̀wò, bẹ́ẹ̀ sì ni NIOMR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun àti ẹja ti ìjọba àpapọ̀, ń bẹ ní Victoria Island níbí, kò sí ní òkè òkun. Wọ́n á kàn sin òkú ẹja, wọ́n á tún ra ọmọ òmíràn, wọ́n á sì tún dà á sínú omi kan náà. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ẹ má sọ fún mi mọ́ pé bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Nàìjíríà ló ń sin àrọ̀ jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà. A kò lè jẹ́ olórí iṣẹ́ kan ká má mọ ohun àkọ́kọ́ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá gbé kẹ́ẹ̀gì dé láti ọ̀nà, tó gba iwájú ọpọ́n kọjá, tó lọ tú ọmọ ẹja sínú odò tí ẹja rẹ̀ ti wà, kò fi ìgbàgbọ́ ṣe é, kò fi ìrírí ṣe é. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ikú wọ ọgbà, bí ẹja rẹ̀ kò bá kú lónìí, orí ló bá a yọ, kì í ṣe ọgbọ́n. Ọpọ́n méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣíṣí nípò láàárọ̀ àti lálẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ẹja tuntun tí kò bá tibẹ̀ kọjá, kó má wọ odò. Ẹni tí kò bá sì lè ṣe é, kó má ra ọmọ ẹja.